Irin Tó Wà Lọ́rùn Gìtá Bàbá Àgbà

Díẹ̀ ló kù kí n fi sukudiráfà ba ìtàn ìdílé wa jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe jẹ́.

Gìtá kan wà nílé wa ní Ṣakí. Láti kékeré ni mo ti ń rí i lórí ìṣó nínú yàrá Bàbá Àgbà, eruku bò ó, aláǹtakùn sì ti fi inú rẹ̀ ṣe ilé. Okùn 12 ló yẹ kó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n 5 péré ló kù, gbogbo wọn ló sì ti dípẹtà. Lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí orí àti ọrùn ti pàdé, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi ìdè mẹ́rin dè mọ́ igi. Bí àwa ọmọdé bá béèrè ọ̀rọ̀ gìtá yìí, èsì kan náà ni gbogbo ẹbí máa ń fún wa: "Ó ti fọ́ kí Bàbá tó gbé Ìyá yín níyàwó. Látìgbà náà ni wọn ò ti fọwọ́ kàn án mọ́." Ìtàn parí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Bàbá Àgbà ti jáde láyé, èmi náà sì ti ń kọ́ gìtá títa lórí YouTube láti bí ọdún mẹ́ta. Mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Gbé e, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó kú sí ọ lọ́wọ́ o." Mo fi aṣọ òfì àtijọ́ kan wé e, mo wọ mọ́tò, a gba Ìsẹ́yìn kọjá, ó di Ìbàdàn.

Ọkùnrin kan tó ń tún gìtá ṣe ni mo gbé e fún. Bó ṣe rí irin yẹn báyìí, ó pòṣé. Ó ní, "Iṣẹ́ jákujàku rèé. Ohun tí a máa kọ́kọ́ yọ nìyí." Èmi náà gbà. Ṣebí ohun tí mo fẹ́ ni pé kí gìtá náà rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á? Ó na sukudiráfà kan sí mi, ó ní kí n máa tú ìdè kan bí òun ṣe ń tú èkejì. Mo yí i lẹ́ẹ̀kan, igi dún "kẹ̀ẹ́!" Ìlà tín-ín-rín kan là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè náà. Mo sọ sukudiráfà sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dúró ná."

Ìdúró yẹn ló bí àròkọ yìí. Ìbéèrè kan ló gbà mí lọ́kàn: bí a bá ń tún ohun àtijọ́ ṣe, ọjọ́ wo nínú ayé rẹ̀ là ń dá a padà sí?

Bí gìtá ṣe di ọmọ ilé

Kí gìtá tó dé, Yorùbá ti mọ ohun èlò olókùn. Gòjé ti wà, tí okùn rẹ̀ jẹ́ irun ìrù ẹṣin. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ló ti wá, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olórin sákárà bíi Yusuf Ọlátúnjí mú un, ta ló tún ń pè é ní àlejò?

Ojú omi ni gìtá gbà wọlé ní tiẹ̀. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, wà lára àwọn tó gbé e káàkiri èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fi àtàǹpàkò àti ìka kejì rẹ̀ nìkan ta á. Ní 1928, ẹgbẹ́ Kumasi Trio láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí lọ gbohùn sílẹ̀ ní London fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní 1936, Túndé King ti Èkó ṣe àwo fún Parlophone, orúkọ tí wọ́n sì fún irú orin náà ni jùjú. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè gbé gìtá oníná wọ inú jùjú. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni gángan wọlé, kí I.K. Dairo tó mú àkọ́díọ́nù tirẹ̀ dé, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó bá ohun èlò kan tó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Kálukú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un. Ohun tó sọ gìtá di tiwa gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló fẹ́ ẹ. Ibi tí wọ́n ti ń mu ẹmu ni wọ́n ti ń ta á jù, òyìnbó pàápàá ń pe irú orin náà ní orin ẹlẹ́mu. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, ọ̀mùtí àti alágbe ni ẹni tó bá gbé gìtá kọ́ èjìká. Ẹ fi ọ̀rọ̀ alágbe yìí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Báwo ni gìtá ṣe wá rìn láti etí òkun dé Òkè-Ògùn? Ní ilé tiwa, tábà ló gbé e wá. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa, koríko pọ̀ ju igi ńlá lọ, ilẹ̀ náà sì gba iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti tábà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn títí dé òkè lọ́hùn-ún ló gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ NTC, owó rẹ̀ sì máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìkórè. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, Bàbá Àgbà ta tábà, wọ́n lọ sí Èkó lọ ra aṣọ àti rédíò. Gìtá ni wọ́n gbé dé.

Bébà kékeré kan ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Kò ṣeé kà tán, ṣùgbọ́n "Recanati" àti "Italy" hàn kedere. Ìlú kékeré ni Recanati, lápá ìlà-oòrùn Ítálì, ní àgbègbè tí wọ́n ti mọ̀ fún ṣíṣe àkọ́díọ́nù. Níbẹ̀ ni Oliviero Pigini ti dá ilé-iṣẹ́ Eko sílẹ̀ ní 1959, gìtá wọn sì tàn ká ayé ní àwọn ọdún 1960. Nítorí náà, ọmọ Ítálì ni gìtá yìí kó tó di ọmọ Ṣakí.

Ẹrù okùn méjìlá

Gìtá tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, okùn mẹ́fà ló ní. Olókùn méjìlá máa ń to okùn ní méjì méjì, bí ìbejì. Nínú ìbejì mẹ́fà náà, àwọn méjì tí ohùn wọn ga jù ń dún bákan náà gẹ́lẹ́. Mẹ́rin yòókù, okùn kan nípọn, èkejì tín-ín-rín, ohùn kan náà ni wọ́n ń mú ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè, bí ìgbà tí bàbá àti ọmọ bá jọ ń kọ orin. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè ta á kó dà bíi pé èèyàn méjì ni.

Ohun tó dùn yìí ní ìyà tiẹ̀. Tí a bá fa gbogbo okùn náà le dé ibi tí gìtá lásán ń wà, agbára tó ń fa orí rẹ̀ síwájú lè ju kílò 100 lọ. Ẹ rò ó wò: bíi kí ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì méjì kọ́ ọrùn igi tí kò nípọn ju ọwọ́ ọmọdé lọ, kí ó sì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bó bá pẹ́, ọrùn á tẹ̀, àyà gìtá á wú, igi kékeré tí okùn dúró lé á sì ṣí kúrò lójú ẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ta láyé àtijọ́ ti mọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, Huddie Ledbetter, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lead Belly, tó kú ní 1949, olókùn méjìlá ni ohun èlò rẹ̀. Kò fa okùn tirẹ̀ le bíi tàwọn yòókù. Ó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an, ohùn gìtá rẹ̀ sì máa ń dún ní ìsàlẹ̀ bíi ti àgbà.

Ní Òkè-Ògùn, ọ̀tá mìíràn tún wà: ọyẹ́. Ẹni tó bá ti sun Ṣakí lóṣù kìíní mọ ohun tí mò ń wí. Ètè á là, ẹsẹ̀ á sán, ilẹ̀kùn tó há nígbà òjò á máa mì fúnra rẹ̀. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́ nígbà òjò, ó ń pọ̀ ọ́ padà nígbà ọyẹ́. Pákó àyà gìtá kò nípọn ju owó ẹyọ méjì lọ. Tó bá ń wú tó ń súnkì lọ́dọọdún, ó di dandan kó là. Èmi rò pé láàárín okùn tó ń fà á àti ọyẹ́ tó ń gbẹ ẹ́ ni gìtá Bàbá Àgbà ti dá lọ́rùn.

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ

Mo gbé gìtá padà sí Ṣakí. Ìlú tó lórúkọ nínú iṣẹ́ irin ni Ṣakí. Mo wádìí kiri títí tí wọ́n fi júwe ilé àgbẹ̀dẹ kan fún mi. Bàbá tó wà níbẹ̀ gba gìtá lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ etí irin náà yípo, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ bàbá mi nìyí."

Mo béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ara àgbá epo ni wọ́n ti gé irin náà. Wọ́n fi òòlù na etí rẹ̀ títí tó fi fẹ́lẹ́, kí ó má baà ge ọwọ́ ẹni tó ń ta á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gba ara igi bí aṣọ ṣe ń gba ara. "Kì í ṣe ìdè mẹ́rin yìí ló dì í mú, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ yìí ló dì í mú. Ẹni tó ní kí o yọ ọ́, ó fẹ́ kí orí gìtá já bọ́ ni."

Ojú tì mí díẹ̀. Èmi ẹni tó pè é ní jákujàku!

Bàbá náà wá gbé e sójú oòrùn. Wọ́n dákẹ́. Gbogbo irin náà ló ti dúdú, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ káàkiri, àfi ojú kan tó tó owó ẹyọ, tó ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún. Wọ́n gbé àtàǹpàkò tiwọn lé ibẹ̀. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. "Ta ló ti ń fi ọwọ́ pa á báyìí? Irin kì í ṣàdédé dán. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan, kì í sì í ṣe ti ọdún kan."

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí Bàbá Àgbà bá ti pa gìtá tì lọ́jọ́ tó fọ́, àtàǹpàkò ta ló wà lára irin tí wọ́n fi tún un ṣe?

Ohun tí Ìyá Àgbà mọ̀

Mo délé, mo gbé irin náà sí iwájú Ìyá Àgbà, mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ wo ibí yìí." Wọ́n wò ó. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé mo purọ́ fún yín ni? Gìtá fọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá wọ́n tún un ṣe."

Bàbá Ìyá Àgbà ti sọ pé òun kò ní fi ọmọ òun fún alágbe. Nígbà tí ọrùn gìtá dá, Bàbá Àgbà gbé e lọ han àna wọn. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó sà, ó ti parí." Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gbé gìtá lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, láti ibẹ̀ ó di oko. Bí ẹ bá ń fi iná gbẹ tábà nínú abà, iná náà kò gbọdọ̀ kú lóru, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Bàbá Àgbà máa ń sọ pé àwọn ni àwọn á ṣọ́ iná. Gbogbo ẹbí rò pé wọ́n kàn fẹ́ràn iṣẹ́ ni.

"Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ," Ìyá Àgbà ní. "Láti ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Okùn ńkọ́? Níbo ni wọ́n ti ń rí okùn gìtá olókùn méjìlá ní oko Ṣakí? Wọ́n ní wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni Bàbá Àgbà máa ń tú sí fọ́nrán-fọ́nrán. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí Ibrahim Ag Alhabib, ọmọ Tuareg láti Málì, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Tinariwen sílẹ̀. Agolo, igi àti wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni òun náà fi ṣe gìtá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì kò mọra wọn. Ohun kan náà ni ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe.

Tuntun tàbí ti tẹ́lẹ̀?

Mo ti wá mọ ohun tí ìbéèrè mi túmọ̀ sí. Bí mo bá dá gìtá yìí padà sí ọjọ́ tó jáde ní Recanati, mo ti pa gbogbo ọjọ́ tó lò ní abà tábà rẹ́. Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà nítorí pé ìtàn wà lára rẹ̀, á kàn wà lórí ìṣó títí ikán á fi jẹ ẹ́ tán. Ohun èlò orin tí kò dún mọ́, kí ló yàtọ̀ sí igi ìdáná?

Àwọn ọmọ Àyàn ló bá mi yanjú rẹ̀. Ẹ lọ bá onílù kan ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ọ̀yọ́, kí ẹ béèrè ọjọ́ orí ìyá ìlù rẹ̀. Ó lè sọ fún yín pé ọwọ́ bàbá bàbá òun ló ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n awọ ojú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ léraléra. Ọṣán tó fà á le ńkọ́? Wọ́n ti pààrọ̀ òun náà. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kì í ṣe ìlù bàbá wọn mọ́. Lọ́dọ̀ onílù, ohun tó bá gbó ni à ń pààrọ̀ kí ohun tó gbé e ró má baà kú. Wọn kì í ju igi ìlù nù nítorí pé ó ti ní àpá.

Mo wá rí i pé irin yìí kì í ṣe àbùkù lára gìtá. Òun ni igi ìlù náà. Okùn ni awọ.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin Ìbàdàn yẹn náà ni mo padà sí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́, ó tún gbé irin náà wò, ó ní, "A ò ní fọwọ́ kàn án." Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni.

A ya fọ́tò gbogbo ara gìtá náà kí a tó ṣe ohunkóhun. A fi ọ̀bẹ gbígbóná ṣí igi tí okùn dúró lé lójú ẹ̀, a ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, a sì lẹ̀ ẹ́ padà. Gọ́ọ̀mù tí a lò, awọ màálù ni wọ́n sè tó fi di gọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n pọ̀nmọ́ ni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí a bá tún fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ iwájú, ooru àti omi á dẹ̀ ẹ́, igi kò ní ya. A fi irin ìdìmú há a mọ́lẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Ibi tí èmi fi sukudiráfà là, a fi gọ́ọ̀mù ṣíṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ dí i. Àpá rẹ̀ ṣì hàn. Mo ní kó má kùn ún, kí tèmi náà wà níbẹ̀.

Egungun kékeré tí okùn ń gbà kọjá lórí ọrùn ti sọnù. A ra egungun màálù lọ́dọ̀ alápatà, a sè é kí ọ̀rá inú rẹ̀ jáde, a sá a, a sì gé ojú okùn 12 sí i lára. Nítorí ọyẹ́, mo dá ihò lu ike ìkóṣẹ kan, mo ti kànrìnkàn tó tutù tí kò kán omi sínú rẹ̀, mo sì máa ń gbé e sínú àpótí gìtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi ń rí omi díẹ̀ mu, kò ní là mọ́.

Ó ku okùn. Okùn tuntun ni mo rà, mi ò lo wáyà bíréèkì. Nítorí ọrùn tó ti dá rí, mo ṣe bíi ti Lead Belly: mo dẹ okùn sílẹ̀ ní odindi ohùn kan. Ìyẹn nìkan ń dín ẹrù ọrùn kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Mo gbé e lọ sí Ṣakí. Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mo ta okùn ìsàlẹ̀. Inú mi dùn, mò ń retí kí wọ́n yìn mí. Wọ́n mi orí.

"Ó ga jù. Tiwọn ò ga tó báyìí."

Mo dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i. "Ó ṣì ga." Mo tún dẹ̀ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ohùn kan nínú ọ̀fun, èmi náà ń yí okùn tẹ̀lé wọn díẹ̀díẹ̀, títí tí òun àti ohùn wọn fi di ọ̀kan. "Ibẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Ibẹ̀ yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ ọ lójú ọ̀nà."

Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ ìyẹn sí. Etí Ìyá Àgbà nìkan ló wà, ó sì ti lé ní 40 ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n léèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ohun èlò àtijọ́ kan bá wà nílé yín, ì báà jẹ́ gìtá, gòjé tàbí ìlù, kí ẹ tó gbé e lọ tún ṣe, kí ẹ tó yọ ìdè kan lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fi ìdè náà síbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ lọ sí oko. Kí ẹ sì tètè béèrè.

Ní tèmi, bí mo bá ti gbé gìtá náà báyìí, ojú kan ṣoṣo ló wà tí àtàǹpàkò mi lè dúró sí lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó ti dán kí n tó débẹ̀.